Bàbá Sàlá tí mo mọ̀: olórin ni kó tó di aláwàdà

Ẹ̀yin ará, bí a bá ń ka àwọn tó pa orin àti tíátà pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá, Ògúndé lẹ máa ń kọ́kọ́ dárúkọ, lẹ ó kan Dúró Ládipọ̀, lẹ ó kan Kọ́lá Ògúnmọ́lá. Ó tọ́ sí wọn. Àmọ́ bó bá ti kan Bàbá Sàlá, ẹ̀rín nìkan lẹ máa ń ròyìn. Ó ń dùn mí, torí olórin ni Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀ kó tó di aláwàdà, orin yẹn ni mo sì ń rí nínú gbogbo ohun tó ń ṣe.

Òkè-Àdó nílùú Ìbàdàn ni mo dàgbà sí. Bàbá onílé wa ló ní tẹlifíṣọ̀n, irú èyí tó wà nínú àpótí pákó, tó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin àti ilẹ̀kùn tí wọ́n máa ń tì bí eré bá parí. Iléeṣẹ́ Agodi là ń wò, èyí tí ìjọba Awólọ́wọ̀ ṣí ní ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀wàrà 1959, tó jẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. (Ará Ìbàdàn ò ní yé fi ìyẹn yangàn, èmi náà ò sì ní yé.) Alẹ́ tí Aláwàdà bá wà lórí ẹ̀rọ, àyè ẹsẹ̀ kì í sí ní pálọ̀. Bàbá Sàlá á yọ: awò ojú ràgàjì, bótáì tó fẹ̀ ju àyà lọ, agogo ńlá tí àwọn èèyàn ń gbé sórí tábìlì, òun gbé tiẹ̀ wọ̀.

Bàbá mi ti fọn fèrè nínú ẹgbẹ́ olórin háíláìfù nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Bí gbogbo wa bá ń rẹ́rìn-ín, ìka rẹ̀ ló máa ń ṣiṣẹ́ lórí apá àga. Ẹnì kan á bi Bàbá Sàlá léèrè ọ̀rọ̀ nínú eré, Bàbá Sàlá á dákẹ́, á yí ojú. Ìka bàbá mi á kàn án: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Lórí ẹ̀rin gééré ni èsì á bọ́ lẹ́nu ọkùnrin yẹn, ilé á sì dà rú. Bàbá mi á ní, "Ṣé o rí i? Ìlù ló ń kà lọ́kàn."

Òun ló sọ fún mi pé Bàbá Sàlá ti kó ẹgbẹ́ háíláìfù kan jọ rí, Federal Rhythm Dandies. Inú ẹgbẹ́ yẹn ni Sunday Adéníyì ti bá a ta gìtá, ẹni tá a wá mọ̀ sí King Sunny Adé, kó tó dá Green Spots tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1967. Ẹ wo irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀!

Nígbà tó yá, mo rí i lójúkojú ní Ọbíṣẹ̀sàn Hall. Orin ni wọ́n fi ṣíde, ó sì pẹ́ díẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kò sì sú ẹnikẹ́ni. Ohun tí mi ò lè gbàgbé ni bó ṣe jókòó. Ó wo àga, ó wo àwa èrò. Onílù ò lù. Ó rẹ ìdí sílẹ̀ díẹ̀, ó tún nàró. Onílù ò lù síbẹ̀. Ìgbà tí ìdí rẹ̀ wá kan àga gan-an ni ìlù dún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbì! Gèlè ìyá tó jókòó níwájú mi já bọ́ sílẹ̀, kò tiẹ̀ mọ̀. Kò tíì sọ gbólóhùn kan o. Ẹni tí kò bá onílù gbé pọ̀ rí kò lè dá irú àṣà yẹn.

Ní 1982 ló gbé fíìmù Ọ̀run Mooru jáde, tí Ọlá Balógun darí. Owó ńlá ló kó lé e, ni àwọn olè bá jí i dà sórí fídíò kó tó rí owó rẹ̀ kó. Ayédèrú kásẹ́ẹ̀tì kún ìgboro. Ẹnì kan gbé ọ̀kan wá sílé wa, bàbá mi dá a padà lẹ́nu ọ̀nà, ó ní iṣẹ́ olórin ẹgbẹ́ òun ni wọ́n jí. Inú ń bí mi dòní. Gbèsè ni wọ́n fi ọkùnrin yẹn sí nígbà tó yẹ kó máa jẹ èrè.

Ọjọ́ 7 oṣù Ọ̀wàrà 2018 ló kú. Mo gbọ́ ìròyìn náà nínú táksí ní Dùgbẹ̀. Aláwàdà lọ, aláwàdà lọ, ohun tí wọ́n ń tún sọ nìyẹn, mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ ẹgbẹ́ olórin rẹ̀.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín: ẹni tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ bá jó sí orin Federal Rhythm Dandies rí, kó bi wọ́n léèrè nígbà tí wọ́n ṣì wà láyé. Ibo ni wọ́n ti ṣeré? Ta ló ń lùlù? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá kọ ọ́ síbí.