Afurasí, àfurasí, àti ìwé ìrìnnà ẹni tí ẹ̀sùn wà lọ́rùn rẹ̀

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ìjíròrò lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá tó yẹ ká máa lò nínú ọ̀rọ̀ òfin o. Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n wa láti Iléṣà gbé kalẹ̀ kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Wọ́n ní ẹni tí ẹ̀sùn ọ̀daràn wà lọ́rùn rẹ̀, tó fẹ́ sọ ìwé ìrìnnà (páásípọ́ọ̀tù) rẹ̀ dọ̀tun, kí a máa pè é ní "ọ̀daràn aláìtíìdájọ́". Èmi kò fara mọ́ ọn rárá. Ẹni tí a bá ti pè ní ọ̀daràn, a ti dá a lẹ́bi nìyẹn, ohun yòówù kí a so mọ́ ọn lẹ́yìn.

Ṣebí ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, abala 36, ẹsẹ 5, ló ní aláìṣẹ̀ ni ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn títí ẹ̀rí yóò fi fi hàn pé ó jẹ̀bi. Bí akọ̀wé kóòtù Májísíréètì bá ka ẹ̀sùn tán níbí ní Ilé-Ifẹ̀, tí ògbufọ̀ sì tú u sí Yorùbá, ohun tí wọ́n máa bi ẹni tó dúró níwájú adájọ́ ni pé, "Ṣé o jẹ̀bi àbí o ò jẹ̀bi?" A kì í bi ọ̀daràn bẹ́ẹ̀.

"Afurasí" tí rédíò ń lò náà ń kọ mí lóminú. Ẹni tó ń pẹja ni apẹja, ẹni tó ń ránṣọ ni aránṣọ. Ta wá ni afurasí, bí kì í bá ṣe ẹni tó ń fura sí ẹlòmíràn? Ọlọ́pàá gan-an ni afurasí! Ẹni tí wọ́n ń fura sí, ohùn ìsàlẹ̀ ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tirẹ̀: àfurasí, bí a ṣe ń wí ọmọ àgbàtọ́ àti orúkọ àmútọ̀runwá. Afẹ̀sùnkàn àti àfẹ̀sùnkàn náà nìyẹn. Bí a kò bá fi àmì ohùn sí i, ẹni tó lọ fẹjọ́ sùn àti ẹni tí wọ́n fẹjọ́ rẹ̀ sùn á di ọ̀kan náà lójú ìwé. Mo mọ̀ pé "afurasí" ti mọ́ àwọn èèyàn lẹ́nu. Ó kéré tán, ẹ jẹ́ ká máa wí pé "ẹni tí wọ́n fura sí". Ó gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ba ẹnikẹ́ni lórúkọ jẹ́. Bó bá ti dé kóòtù, olùjẹ́jọ́ ni, ìyẹn ti tó.

Ẹ̀gbọ́n tún lo "ìwé àṣẹ ìrìnnà". Àṣẹ inú rẹ̀ ni mi ò fẹ́. Ohun tí wọ́n bá fún èèyàn láṣẹ, wọ́n lè gbà á padà nígbà tó bá wù wọ́n. Ní 1992, àwọn òṣìṣẹ́ SSS, iléeṣẹ́ ọlọ́pàá inú ti ìjọba àpapọ̀, gba ìwé ìrìnnà agbẹjọ́rò Olisa Agbakoba ní pápákọ̀ òfurufú Èkó, nígbà tó ń lọ sí The Hague ní ilẹ̀ Netherlands. Ó di 1999 kí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ tó parí ọ̀rọ̀ náà pé ohun tí wọ́n ṣe kò bófin mu. Ẹ̀tọ́ ni. Ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ "ìwé ìrìnnà" lásán.

Lóòótọ́, abala 41 ìwé òfin 1999 kan náà gbà kí òfin dá ẹni tí ìfura tó nídìí wà lórí rẹ̀ dúró kó má bàa sá nílùú. Adájọ́ náà sì lè ní kó fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀ ní kóòtù kó tó gba béèlì. "Ìfisílẹ̀" nìyẹn, kóòtù ló pàṣẹ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí òṣìṣẹ́ kan kọ̀ láti sọ ìwé dọ̀tun kìkì nítorí ó gbọ́ pé ẹjọ́ wà nílẹ̀, fífi ẹ̀tọ́ duni ni mo máa pè é. Ọjọ́ ìwé ọlọ́dún 5 sì lè pé kí ẹjọ́ tó parí.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bi àwọn àgbà Ìjẹ̀ṣà: kí ni wọ́n ń pe ẹni tí ẹjọ́ rẹ̀ ti dé ààfin Ọwá, tí wọn ò tíì dá?