Jungso-ui gijeok: ṣé iṣẹ́ ìyanu ni ká máa pè é?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o. Ọ̀rọ̀ tó délẹ̀ ni bí a ó ṣe máa fi Yorùbá sọ nípa àwọn ẹgbẹ́ olórin Kòríà tí ilé-iṣẹ́ kékeré gbé jáde, tí wọ́n sì rọ́wọ́ mú láàárín àwọn ọmọ ilé ńlá. Orúkọ tí àwọn ará Kòríà fún un ni jungso-ui gijeok: jungso ni ilé-iṣẹ́ kékeré àti alábọ́dé, gijeok ni iṣẹ́ ìyanu. Ẹ̀gbọ́n tó kọ́kọ́ kọ̀wé dábàá "iṣẹ́ ìyanu ilé kékeré". Ẹlòmíràn ní kí yeokjuhaeng, ìyẹn orin tó jáde tí kò rìn, tó wá gun òkè lẹ́yìn oṣù tàbí ọdún, máa jẹ́ "orin tó gba wan-wéè". Ẹnì kẹta ní ká pe ọmọ tí ilé-iṣẹ́ ń kọ́ lọ́wọ́ ní ìwọ̀fà. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló máa ṣi òǹkàwé lọ́nà, nítorí wọn kò bá bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ mu.

Ká mú iṣẹ́ ìyanu ná. Létí Yorùbá, ohun tí a bá pè ní iṣẹ́ ìyanu, a kì í wádìí rẹ̀. Ọpẹ́ la máa ń dá. Bẹ́ẹ̀, ìwádìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ilé kékeré ń fẹ́. Ilé ńlá bíi SM, YG àti JYP ní olólùfẹ́ nílẹ̀: ẹni tó fẹ́ràn ẹgbẹ́ tó ti jáde tẹ́lẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ ra àwo ẹgbẹ́ tuntun. Ìdí nìyẹn tí chodong wọn, ìyẹn iye àwo tí wọ́n tà láàárín ọjọ́ 7 àkọ́kọ́, fi máa ń ga. Ilé kékeré kò ní irú ìpìlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá lọ kọrin lórí ètò tẹlifíṣàn bíi M Countdown, Music Bank tàbí Inkigayo, ilé-iṣẹ́ ló ń ra aṣọ, òun ló ń sanwó irun, ìkunjú àti ọkọ̀, ohun tó sì ń gbà padà kò tó nǹkan. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń kú. Wọ́n á ná gbogbo owó sórí ọ̀sẹ̀ mélòó kan ti orin àkọ́kọ́, owó orin kejì kò ní sí mọ́, ẹgbẹ́ á dákẹ́ lọ títí, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀ wọ́n á sì gbàgbé wọn.

Ẹ wo àwọn tó là á já. Big Hit, tí Bang Si-hyuk dá sílẹ̀ lọ́dún 2005, gbé BTS jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2013. Oṣù karùn-ún 2015 ni wọ́n tó gba ipò kìíní lórí ètò tẹlifíṣàn. Láàárín àsìkò yẹn, orin kò dáwọ́ dúró, fídíò kéékèèké orí íntánẹ́ẹ̀tì náà kò dáwọ́ dúró. Ilé kékeré mìíràn, KQ, gbé ATEEZ jáde ní oṣù kẹwàá 2018. Ọdún kò tíì yí po tí wọ́n fi lọ ṣeré káàkiri Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, nítorí ibẹ̀ ni ẹni tó ṣe tán láti ra tíkẹ́ẹ̀tì wọn wà. Ní oṣù kejìlá 2023, àwo wọn gba ipò kìíní lórí Billboard 200, àtẹ tó ń to àwo orin tó gbajúmọ̀ jù ní Amẹ́ríkà. Ìṣirò ni èyí. "Àṣeyọrí ilé kékeré" ti tó fún un.

Yeokjuhaeng ló gba ìfarabalẹ̀ jù. Òótọ́ ni pé ojú pópó ni wọ́n ti mú ọ̀rọ̀ náà: yeok ni òdìkejì, juhaeng ni kí ọkọ̀ máa sáré lọ. Wan-wéè bá ìyẹn mu, mo gbà. Ṣùgbọ́n ní Èkó, ẹni tó gba wan-wéè ti rú òfin, wọ́n sì lè gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Tí a bá fi pe orin, òǹkàwé á rò pé òjòrò wà nínú rẹ̀. Òjòrò gidi sì wà nídìí iṣẹ́ yìí, orúkọ tirẹ̀ ni sajaegi: kí ilé-iṣẹ́ sanwó fún ẹni tí yóò fi àkáǹtì rẹpẹtẹ gbọ́ orin léraléra, tàbí kí wọ́n máa ra àwo ara wọn, kí orin lè wọ àtẹ. Òfin Kòríà dá ìyà sí i. Ohun tó ń fa òjòrò yìí ni pé ọ̀pọ̀ olùgbọ́ kì í yan orin. Wọ́n á tẹ TOP100 orí Melon, ìkànnì tí àwọn ará Kòríà ti ń gbọ́ orin, wọ́n á jẹ́ kó máa kọ látòkè délẹ̀. Wíwọ inú ọgọ́rùn-ún yẹn ló ṣòro. Orin tó bá ti wọlé, àtẹ fúnra rẹ̀ á máa bọ́ ọ. Mo dábàá "òjòrò àtẹ" fún sajaegi, ká má sì fi ohunkóhun tó jọ ọ́ pe yeokjuhaeng.

Àwọn míì lè sọ pé "ìpadàgòkè". Ohun tó ṣe mí nípa rẹ̀ ni "padà". Ohun tó padà gòkè ti wà lókè rí. "Up & Down" ti EXID jáde ní oṣù kẹjọ 2014, ó sì rọra kúrò lórí àtẹ. Ní oṣù kẹwàá, olólùfẹ́ kan ya fídíò Hani, ọ̀kan nínú wọn, òun nìkan, níbi eré kan ní Paju, ó gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn ènìyàn sì ń pín in kiri. Oṣù kìíní 2015 ni orin náà gba ipò kìíní lórí M Countdown. Ti Brave Girls tún pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ: "Rollin'" jáde ní oṣù kẹta 2017, kò rìn. Wọ́n ń lọ kọrin fún àwọn ọmọ ogun ní bárékè, àwọn yẹn sì ń bá wọn kọ ọ́ tọkàntọkàn. Ní òpin oṣù kejì 2021, ẹnì kan to àwọn eré náà pọ̀ sórí YouTube, ó fi ọ̀rọ̀ àwọn òǹwòran sí i. Kí oṣù kẹta tó parí, orin ọlọ́dún mẹ́rin ti wà ní ipò kìíní. Orin yìí kò sí lókè rí, kí ló fẹ́ padà sí?

Nítorí náà, "apẹ́gòkè" ni mo fara mọ́, lọ́nà tí a gbà ṣẹ̀dá Apẹ́jọyè. Ó sọ pé ó pẹ́, ó sọ pé ó gòkè, kò sì parọ́ nípa ibi tó wà tẹ́lẹ̀. "Cupid" ti FIFTY FIFTY kì í ṣe apẹ́gòkè o. Oṣù kejì 2023 ló jáde, TikTok gbé ẹ̀dà tí wọ́n mú yára rẹ̀ kiri, kò sì pé oṣù méjì tó fi wọ Billboard Hot 100, àtẹ orin Amẹ́ríkà. Àwọn tó ń kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sábẹ́ yeokjuhaeng ń da ọ̀nà méjì pọ̀.

Ìwọ̀fà ló kàn. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe, èlé ni. Owó tí wọ́n yá ṣì wà lọ́rùn odidi. Ti ọmọ Kòríà yàtọ̀. Ilé-iṣẹ́ ló ń náwó sórí ẹ̀kọ́ orin, ijó, ilé gbígbé àti fídíò. Ní ọ̀pọ̀ ilé kékeré, wọ́n á kọ́kọ́ yọ owó yẹn kúrò nínú ohun tó bá wọlé, lẹ́yìn náà ni wọ́n á tó pín ìyókù. Gbèsè náà ń dín kù. "Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́" dára jù, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe pe ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ jáde ní fírídọ̀mù. Ẹni tó gba fírídọ̀mù ti di ọ̀gá ara rẹ̀. Ní ti wọn, ọjọ́ yẹn gan-an ni àdéhùn ń bẹ̀rẹ̀, ọdún 7 sì ni ó sábà máa ń jẹ́.

Pínpín owó yẹn ni jeongsan. Mo ti rí i níbì kan tí wọ́n kọ ọ́ sí "owó oṣù", ó sì ba ìtumọ̀ jẹ́ pátápátá. Olórin lè ṣiṣẹ́ ọdún méjì kí jeongsan rẹ̀ ṣì jẹ́ òdo, torí pé ìnáwó kò tíì padà wọlé. Ẹ̀sùn pé ìṣirò owó kò hàn kedere wà nínú ohun tí àwọn ọmọ FIFTY FIFTY gbé lọ sílé ẹjọ́ ní oṣù kẹfà 2023, kí wọ́n lè dá àdéhùn wọn pẹ̀lú Attrakt, ilé-iṣẹ́ tó gbé wọn jáde, dúró. Ilé ẹjọ́ kọ̀ ọ́ ní oṣù kẹjọ. "Ìṣirò-pínpín" ni mo máa kọ síbẹ̀. Ó kù jikcam, fídíò tí kámẹ́rà kò fi kúrò lára olórin kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, irú èyí tó gbé EXID. "Fídíò ojú-kan" ni mo ní lọ́wọ́. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù, kó jọ̀wọ́ mú un wá.