Frigate, ọkọ̀ ogun kékeré, ò lè bá ọkọ̀ ogun ńlá jà, kí ni wọ́n ń mú un lọ sógun fún?

Adéòkun: Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀. Láyé ọkọ̀ onígbòkun, frigate tó ru àgbá 36 ò tó ẹni tí í ko ọkọ̀ tó ru àgbá 74 lójú. Kí ló wá wúlò fún?

Olùṣọ́ èbúté: Ojú ni, ẹnu náà sì ni. Àwọn ọkọ̀ ńlá máa ń tò tẹ̀lé ara wọn. Bí ọ̀gá àgbà bá gbé àsíá àṣẹ sókè láàárín wọn, ìgbòkun àti èéfín àgbá á bò ó, àwọn tó wà lẹ́yìn ò ní rí nǹkan kan. Frigate á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, níbi tí ọ̀tá ò sí, á gbé irú àsíá kan náà sókè kí gbogbo wọn lè kà á. Kó tó dọjọ́ ìjà ńkọ́? Òun ló ń ṣọ́ èbúté. Nígbà tí ọkọ̀ Faransé àti Sípéènì ń jáde ní Cádiz, èbúté kan ní Sípéènì, lóṣù Kẹwàá 1805, Nelson, ọ̀gá àgbà ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì, wà ní nǹkan bíi máìlì 50 sí wọn. Frigate rí wọn, àwọn ọkọ̀ tó tò sójú ọ̀nà sì ń fi àsíá gba ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ ara wọn títí ó fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Aláàgbá: Àṣà tún wà pé ọkọ̀ ńlá kì í yin frigate lágbàá bí frigate fúnra rẹ̀ ò bá kọ́kọ́ yìn. Nínú ìjà Aboukir ní Íjíbítì, 1798, Sérieuse, frigate Faransé, ló kọ́kọ́ yìn lu Orion, ọkọ̀ ńlá Gẹ̀ẹ́sì. Orion ní sùúrù kó sún mọ́ ọn, ó wá da gbogbo àgbá ẹ̀gbẹ́ kan bò ó. Òpó ìgbòkun Sérieuse wó, ó rì síbi tí omi ò jìn. Ta ló rán an níṣẹ́?

Adéòkun: Ẹ ṣeun. Ó ṣáà lè sáré ju àwọn ńlá lọ nígbà gbogbo?

Olùṣọ́ èbúté: Rárá o. Bí ìgbì bá ga, ó máa ń dá ọkọ̀ kékeré dúró, ọkọ̀ ńlá á sì lé e bá. Koríko òkun tó ń hù nídìí ọkọ̀ náà ń fa eré sẹ́yìn. Bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi bàbà bo ìdí ọkọ̀ nìyẹn, àmọ́ nínú omi iyọ̀, bàbà ń jẹ́ kí ìṣó irin tó so pátákó pọ̀ tètè dípẹtà. Ọkọ̀ ń dán lóde, ó ń tú nínú. Àfìgbà tí wọ́n fi ìṣó tí wọ́n fi bàbà rọ rọ́pò ti irin.