Kànga wa ti tún gbẹ: ṣé kí a wà á sí i ni àbí kí a gbẹ́ bọ́hóòlù?

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Akóbọ̀ ní Ìbàdàn là ń gbé. Kànga ilé wa ò jìn ju ẹsẹ̀ bàtà 30 lọ. Bí oṣù kìíní bá ti wọlé, ẹrẹ̀ ni korobá ń gbé bọ̀. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà là ń rà lọ́wọ́ mẹ́rúwà lójúmọ́, omi tí mo fi ṣan aṣọ là ń dà sí ilé ìyàgbẹ́. Bàbá Ìbejì ní bọ́hóòlù ló kù. Ẹ̀rù ń bà mí, torí èyí tí aládùúgbò wa gbẹ́ ní èṣín, afẹ́fẹ́ ló ń pọ̀. Kí ni kí n ṣe?

Baba Kànga: Ìyá Ìbejì, ọdún 22 rèé tí mo ti ń wọ kànga. Oṣù wo ni wọ́n gbẹ́ tiyín? Bó bá jẹ́ ìgbà òjò, ibi tó ti wọ́ nìyẹn. Omi ti sún mọ́ òkè nígbà náà. Bí dígà bá ti kan omi, wọ́n á ní ó tó, wọ́n á gba owó wọn, ó di gbéré. Oṣù kejì sí ìkẹta, tí omi ti lọ sílẹ̀ pátápátá, la máa ń wà á sí i. Èmi kì í gba kànga tuntun lóṣù kẹsàn-án, ìyàwó mi ń bá mi jà sí i ni.

Orí àpáta ni Ìbàdàn wà. Omi tiwa ò sí nínú yanrìn bíi ti Èkó. Inú ilẹ̀ tó ti rà lórí àpáta ló ń jókòó sí, àti ibi tí àpáta bá ti sán. Bí wọ́n bá gbẹ́ bọ́hóòlù síbi tí kò ti sán, eruku lẹ máa rí. Ẹ kọ́kọ́ pe àwọn tó ń fi ẹ̀rọ yẹ abẹ́ ilẹ̀ wò. Ẹ wo sọ́kàwéè yín náà, kó jìnnà sí kànga tó mítà 30.

Ìyá Ìbejì: Háà, Bàbá! Oṣù kẹsàn-án ni o.

Ọmọ Ìṣẹ́yìn: Ẹ̀yin mà, ọ̀sọ̀rọ̀ ńkọ́? Ẹ wọn gígùn òrùlé yín, ẹ fi ìbú rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀. Iye mítà tó bá jẹ́, iye lítà tí òjò mílímítà kan ṣoṣo máa já sílẹ̀ nìyẹn. Ẹ má gbe àkọ́rọ̀ o, eruku ọyẹ́ àti ìgbẹ́ ẹyẹ ló ń fọ̀. Kí ẹ sì fi àwọ̀n bo táǹkì, nítorí ẹ̀fọn. Kò ní dé oṣù kìíní, mi ò purọ́, àmọ́ ẹ ó sinmi mẹ́rúwà díẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Bàbá Ìbejì ti gun àkàbà. Mítà 11 lọ́nà 9 ni. Òjò mílímítà 20 á kún kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 tó 79, bí kò bá dànù! Kò dárúkọ bọ́hóòlù mọ́ láti àárọ̀. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ máa ń dé Akóbọ̀?