Gbogbo àwọn ọmọ ní àwọn ti múra sílẹ̀ de àjálù, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Oníwàádìí:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí n tó fọwọ́ ara mi ba iṣẹ́ jẹ́.

Ìwádìí tí mo fẹ́ fi gboyè ni mò ń ṣe. Mo fẹ́ mọ bí òye àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama nípa àjálù ṣe jinlẹ̀ tó (iná, omíyalé, ìjì líle, ìmìtìtì ilẹ̀), kí n sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe gan-an láti fi múra dè é. Ìbéèrè 40 ni mo kọ. Kí n tó gbé e jáde, mo fi dán ọmọ 30 wò ní ilé ẹ̀kọ́ kan. Háà! Èsì yẹn dára dé ibi tó ń bà mí lẹ́rù. "Ǹjẹ́ o mọ ohun tó yẹ kí o ṣe bí iná bá ṣẹ́ yọ?" Bẹ́ẹ̀ ni. "Ǹjẹ́ o mọ ọ̀nà àbájáde pàjáwìrì?" Bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo wọn pátá, kò yọ ẹnì kan sílẹ̀.

Nígbà tí aago lù, mo bẹ ọmọbìnrin kan kó fi ọ̀nà àbájáde náà hàn mí. Kò ṣiyèméjì rárá. Ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ tààrà, ó yà sí òsì, a sì dé ẹnu ilẹ̀kùn onírin kan. Àgádágodo ńlá ló wà lára rẹ̀, ó ti dípẹtà. Ọmọ náà fọwọ́ kàn án, ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Títì ló máa ń wà." Mo ní ta ló ní kọ́kọ́rọ́? Ó ní bóyá ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì. Ẹ̀ṣọ́ ní ọ́fíìsì ni. Ọ́fíìsì ní ẹ̀ṣọ́ ni.

Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ní kò sí wàhálà, pé alpha Cronbach mi (òǹkà tó ń fi hàn bí àwọn ìbéèrè ṣe bára mu tó) ti kọjá 0.80, kí n lọ pín in fún ọmọ 350. Ṣé kí n lọ, àbí kí n tún un kọ látìbẹ̀rẹ̀?

Tíṣà Jíọ́gíráfì:
Ọmọ yẹn ò parọ́ o. Ohun tí ẹ bi í náà ló dá yín lóhùn. Ọmọ wo ló fẹ́ fàmì sí "mi ò mọ̀" níwájú àlejò?

Ẹ yọ gbogbo "ǹjẹ́ o mọ" yẹn kúrò. Ẹ gbé ọ̀ràn kalẹ̀ fún wọn: èéfín ti kún ọ̀dẹ̀dẹ̀, o wà ní kíláàsì, o fẹ̀yìn ọwọ́ kan ilẹ̀kùn, ó gbóná. Kí lo máa ṣe? Ẹ kọ ìdáhùn mẹ́rin tí gbogbo wọn jọ òótọ́, kí "mo máa sá sábẹ́ tábìlì" wà níbẹ̀. Ẹ máa rí àwọn tó máa mú un, torí wọ́n ti rí i nínú fíìmù pé abẹ́ tábìlì ni wọ́n ń sá sí. Bí ilẹ̀ bá ń mì, abẹ́ tábìlì dáa. Bí iná bá ń jó, ikú ni.

Ẹ bi wọ́n nípa àmì tó ń ṣáájú àjálù pẹ̀lú. Ọmọ ọdún 10 ni Tilly Smith nígbà tó rí omi òkun tó ń hó yẹ̀yẹ̀ ní etíkun kan ní Phuket, lórílẹ̀-èdè Thailand, lọ́jọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2004. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ni wọ́n kọ́ ọ nípa tsunami (ìgbì òkun ńlá tó ń ya wọ ilẹ̀) ní kíláàsì jíọ́gíráfì (ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ mi yangàn díẹ̀). Ó figbe ta, wọ́n kó àwọn èèyàn kúrò létí omi. Àmì ló dá mọ̀.

Onímọ̀ Ìṣirò:
Alpha ò sọ pé òótọ́ ni wọ́n sọ. Ohun tó ń sọ ò ju pé àwọn ìbéèrè yín ń rìn pọ̀. Bí àwọn ọmọ kan bá fàmì sí "bẹ́ẹ̀ ni" látòkè délẹ̀ láì kà á, tí àwọn kan sì fà á sí "bẹ́ẹ̀ kọ́" látòkè délẹ̀, alpha á ga fíofío. Ìbéèrè tí gbogbo ọmọ dáhùn bákan náà ò ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀, ẹ jù ú nù tàbí kí ẹ mú un le sí i.

Ẹ má sì ro máàkì ìmọ̀ pọ̀ mọ́ ti ìṣe. Àlàfo tó wà láàárín méjèèjì gan-an ni ìwádìí yín. Ní ti ìṣe, ẹ fi àkókò sí i: "Láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù yìí, ìgbà mélòó lo ti bá wọn ṣe ìdánrawò?"

350 yẹn ńkọ́? Ọmọ 350 tí wọ́n jọ gbọ́rọ̀ lẹ́nu tíṣà kan náà ò tó 350 lójú ìṣirò. Ilé ẹ̀kọ́ púpọ̀ ni kí ẹ lọ, kí ẹ mú ọmọ díẹ̀díẹ̀ níbì kọ̀ọ̀kan.

Panápaná Tó Ti Fẹ̀yìn Tì:
Ọmọ mi, o kú ìsapá. Ìwé nìkan kọ́. Gbé agolo ìpaná tó ti ṣófo fún ọmọ, kó fi hàn ọ́. Ohun tí ojú mi máa ń rí rèé: ọmọ á gbá ọwọ́ agolo náà mú, á fún un títí iṣan ọrùn rẹ̀ á fi yọ, kò ní rántí fa irin kékeré tó há a lọ́rùn yọ. Èyí tó bá fà á yọ, orí ahọ́n iná ló máa dojú ẹ̀ kọ. Ìdí iná ni wọ́n ń dojú ẹ̀ kọ, kí wọ́n wá máa gbá a sọ́tùn-ún sósì bí ẹni ń gbálẹ̀.

Bí wọ́n bá ń ṣe ìdánrawò, dúró sí kọ̀rọ̀ kan, di aago mú. Ka iye ọmọ tó padà lọ mú báàgì.

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta:
Ibì kan wà tó ń dùn mí nínú irú ìwádìí yìí. Wọ́n bi ọmọ mi pé ṣé tọ́ọ̀ṣì, oògùn àti oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta wà nílẹ̀ nílé yín? Ó ní rárá, wọ́n ní kò múra sílẹ̀. Ọmọ ọdún 14! Èmi tí mi ò rà á ni kí wọ́n fún ní òdo. Àpò òbí lẹ ń wọ̀n níbẹ̀ yẹn. Ohun tó wà lọ́wọ́ ọmọ ni kí ẹ bi í: ṣé ó mọ nọ́ńbà ẹnì kan lórí láì wo fóònù? Ṣé ó ti bá ará ilé sọ ibi tí wọ́n á ti pàdé?

Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ òbí, kí ẹ gbà á lọ́wọ́ ọmọ náà pẹ̀lú. Omíyalé ti kó ilé àwọn kan lọ rí, ẹ jẹ́ kí wọ́n lè fo ìbéèrè tí wọn ò bá fẹ́.

Òǹkàwé Òru:
Ẹ yẹ ilé ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ wò, kì í ṣe ọmọ nìkan. Lọ́jọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2011, nígbà tí ilẹ̀ mì tí tsunami sì ń bọ̀, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan ní Kamaishi ní Japan dé ibi ìsádi tí wọ́n yàn fún wọn, wọ́n rí i pé kò ga tó, wọ́n tún gòkè sí i. Àwọn àgbà inú wọn ń fa àwọn kéékèèké lọ́wọ́. Wọ́n ti kọ́ wọn pé kí wọ́n má gbára lé máàpù tó ń fi ibi tí omi lè dé hàn nìkan. Ọjọ́ yẹn náà ni ọmọ 74 bá tsunami lọ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Okawa, ní Japan kan náà, lẹ́yìn tí wọ́n ti dúró ní pápá fún nǹkan bí 50 ìṣẹ́jú. Ìwé ètò pàjáwìrì wà nílé ẹ̀kọ́ náà o, àmọ́ kò tọ́ka sí ibi gíga kan pàtó. Àgádágodo yín nìyẹn.

Panápaná Tó Ti Fẹ̀yìn Tì:
Ẹ jọ̀ọ́, kí a tó lọ jìnnà. Ṣé àgádágodo yẹn ṣì wà níbẹ̀ di ìsinsìnyí?

Oníwàádìí:
Bàbá, ojú tì mí. Èrò bí mo ṣe máa kọ ọ́ sínú iṣẹ́ mi ni mò ń rò, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mò ń lọ síbẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la.

Oníwàádìí (ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà):
Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Ọ̀gá mi kùn díẹ̀, àmọ́ ó ti gbà. Ìbéèrè 40 ti di 22, ìdánrawò pẹ̀lú aago sì ti wọnú rẹ̀. Ní ti ilẹ̀kùn yẹn, gíwá dúpẹ́, wọ́n wá kọ́kọ́rọ́ títí, wọn ò rí i. Ayùn ni wọ́n fi gé e. Ọmọbìnrin ọjọ́sí yẹn ló kọ́kọ́ tì í wò, ilẹ̀kùn ò sì ṣí: àwọn àga tó ti kán ni wọ́n kó jọ sẹ́yìn rẹ̀.