Ẹ gbà mí o, fáìnì mọ́tò fẹ́ lé mi kúrò ní London, ṣé ẹ̀tọ́ nìyí?

Ìyá Móyọ̀:
Ẹ káalẹ́ ẹ̀yin ará mi. Ẹ má bínú pé ó gùn, láti àárọ̀ ni mi ò ti lè jẹun. Iṣẹ́ kéà ni mò ń ṣe, ilé àwọn arúgbó ni mò ń lọ láti aago mẹ́fà àbọ̀ ìdájí, màá wẹ̀ fún wọn, màá fún wọn lóògùn, ilé mẹ́sàn-án mẹ́wàá lójúmọ́, owó wákàtí kan ò ju £12 àti díẹ̀ lọ, àsìkò tí mo fi ń wakọ̀ láti ilé kan dé èkejì wọn ò kà á mọ́ ọn. Ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn mò ń lọ sílé màmá kan tó jẹ́ pé tí mi ò bá dé kò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, òjò ń rọ̀, mo wọ yellow box kan báyìí, àpótí yẹ́lò tí wọ́n kùn sójú títì ní ìkóríta, mọ́tò fáànì funfun tó wà níwájú mi ṣàdédé dúró, kí ni kí èmi ṣe, ṣé kí n fò ó ni? Èmi náà dúró. Kò pé ìṣẹ́jú kan o! Wọ́n fi fọ́tò ránṣẹ́ sílé, táyà ẹ̀yìn mi méjèèjì wà lórí ìlà yẹ́lò, iná bíréèkì mi pọ́n rokoṣo nínú òjò, aago 7:52. £160. Inú bí mi mo jù ú sínú dúróà, wọ́n ní ó ti di £240 báyìí. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá òmíràn tún dé, wọ́n ní mo wọ léènì bọ́ọ̀sì, £160 náà ni, ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ ni mo yà fún kí n má baà gbá a! Lẹ́tà kan tún wà tó jẹ́ ti eré sísá, ìyẹn ò le. Ta ni mo pa? Ta ni mo jà lólè? Owó iṣẹ́ wákàtí mẹ́tàlá ni wọ́n fẹ́ gbà torí ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Èmi nìkan ni mò ń san rẹ́ǹtì, àbúrò mi tó ń gbé lọ́dọ̀ mi ò tíì ríṣẹ́ gidi. Kí ni kí n ṣe?

Àǹtí Ṣadé Peckham:
Pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á tì ẹ́ lẹ́yìn. Èmi náà san £80 lọ́dún tó kọjá, mo dúró kí ọmọ mi sọ̀kalẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ibi tó ti ń wá agbòjò ẹ̀ lábẹ́ síìtì ni kámẹ́rà ti mú wa. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn. Tètè san ìdajì ti léènì bọ́ọ̀sì kí ọjọ́ mẹ́rìnlá tó pé.

Bọ̀dá Kúnlé Onímọ́tò:
Ìyá Móyọ̀ ẹ má bínú sí mi, bọ́ọ̀sì ni mò ń wà nílùú yìí láti ọdún mọ́kànlá. Òfin box yẹn ò ṣòro láti yé èèyàn: ẹ ò gbọdọ̀ wọnú ẹ̀ àfi tí ibi tẹ́ ẹ fẹ́ já sí bá ti ṣófo, àyàfi tẹ́ ẹ bá fẹ́ yà sọ́tùn-ún tó jẹ́ pé mọ́tò tó ń bọ̀ lódìkejì ló dá yín dúró. Mo ti rí áńbúláǹsì tó ń ké tó ń tanná, mọ́tò mẹ́ta dúró lórí box, wọn ò lè lọ síwájú wọn ò lè padà sẹ́yìn. Ẹnì kan wà nínú áńbúláǹsì yẹn. Ṣé ọ̀tún lẹ fẹ́ yà ni àbí iwájú lẹ̀ ń lọ?

Ìyá Móyọ̀:
Iwájú ni mò ń lọ. Ṣùgbọ́n fáànì yẹn ló fà á, kí ló dé tí wọn ò mú òun?

Ọmọ Ìjẹ̀bú Manchester:
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbèjà fáìnì, ẹ dáhùn èyí: ẹni tó ń wa Range Rover £160, ẹni tó ń fọ ìdí arúgbó £160. Èwo ni ẹ̀tọ́ níbẹ̀? Olówó ò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣe òun. Ní Finland iye tó ń wọlé fún èèyàn lójúmọ́ ni wọ́n fi ń ṣírò owó eré àsápajùdé, ní 2023 ọlọ́lá kan san €121,000 torí ó sá 82 níbi tí wọ́n ti ní kó sá 50. Ìyẹn ni kí wọ́n máa ṣe.

Bọ̀dá Kúnlé Onímọ́tò:
Níbí náà tí ọ̀rọ̀ eré sísá bá dé kọ́ọ̀tù, owó tó ń wọlé fún èèyàn lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń wò. Ti box àti ti léènì bọ́ọ̀sì ni ò mọ olówó yàtọ̀ sí tálákà, níbẹ̀ yẹn mo gbà fún ẹ.

Ìyá Ìbejì Ìbàdàn:
Ẹ̀yin tiẹ̀ ń rí kámẹ́rà. Nílé níbí, ẹni tí ò so bẹ́líìtì ₦2,000, ẹni tó ń fi fóònù sọ̀rọ̀ nídìí ọkọ̀ ₦4,000, wọ́n á tún máa ṣe é. Àbúrò ọkọ mi ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ lórí fóònù ló fi kọlu ọlọ́kadà ní Challenge, títí dòní ọlọ́kadà yẹn ń tiro.

Àǹtí Ṣadé Peckham:
Ẹ má fi ₦2,000 wé £160 jàre ìyá ìbejì, kò jọra rárá.

Ìyá Ìbejì Ìbàdàn:
Mi ò fi wéra. Mo ní ẹni tó ń tiro ń tiro.

Alhaja Luton:
Ìyá Móyọ̀, kí ló dé tẹ́ ẹ fi lẹ́tà sínú dúróà? Dúróà ló máa san án? £80 péré ni tẹ́ ẹ bá san án láàárín ọjọ́ 14. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ jà á náà, ẹ kọ̀wé sí wọn, tí wọ́n bá kọ̀ ẹ gbé e lọ tribunal, ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ àròyé, ọ̀fẹ́ ni. Tó bá ti di £240 àsìkò àròyé ti kọjá nìyẹn, ẹ lọ san án. Bélífì tó ń gba gbèsè ló kàn, tó bá fi lè dé ẹnu ọ̀nà yín owó míì ló máa lé e lórí. Lẹ́tà eré sísá tẹ́ ẹ ní kò le yẹn ńkọ́? Ṣé ọlọ́pàá ló kọ ọ́? Ọjọ́ wo ló dé?

Ìyá Móyọ̀:
Alhaja ẹ má bú mi, ẹ ò mọ ohun tí ojú mi ń rí. Tí mo bá dé láti ibi iṣẹ́ ní aago mẹ́wàá alẹ́ mi ò lójú tí mo fi ń ka lẹ́tà. Àǹtí Ṣadé ẹ ṣé, màá san ti bọ́ọ̀sì.

Bọ̀dá Kúnlé Onímọ́tò:
Ẹ dá Alhaja lóhùn. Lẹ́tà ọlọ́pàá yàtọ̀. Ti box, owó lásán ni, ẹni tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ forúkọ mọ́tò sílẹ̀ ni wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Ti ọlọ́pàá, wọ́n ń béèrè ẹni tó wà nídìí ọkọ̀ gangan. Ọjọ́ 28 lẹ ní. Ẹni tó bá dákẹ́, póìǹtì 6 lórí láísẹ́ǹsì àti fáìnì tó lè tó £1,000.

Ìyá Móyọ̀:
Mo ti dáhùn ìyẹn, ìdí tí mo fi ní kò le nìyẹn. 29 ni wọ́n ní a sá níbi 20. Mo kọ orúkọ ara mi, mo sáìnì, mo pọ́ọ̀sì ẹ̀ ní Mọ́ńdè. Mi ò ní póìǹtì kankan rí, wọ́n ní kọ́ọ̀sì ìwakọ̀ ni wọ́n ń fún irú mi dípò póìǹtì. Èmi ò tiẹ̀ sí nínú mọ́tò, ibi iṣẹ́ òru ni mo wà lọ́jọ́ náà, àbúrò mi ló gbé e lọ ra ọjà. Láísẹ́ǹsì Naija ló ní, ó sì ti lé lọ́dún kan tó ti dé, ni mo bá ní kó kúkú jẹ́ èmi.

Alhaja Luton:
Subhanallah.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Manchester:
Ẹ má dẹ́rù bà wọ́n. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà, ẹ̀yìn mọ́tò ni wọ́n ń yà. Ta ló máa mọ̀?

Bọ̀dá Kúnlé Onímọ́tò:
Ọmọ Ìjẹ̀bú, ìwọ lo máa ràn wọ́n dé ẹ̀wọ̀n. Ṣé o rántí Fiona Onasanya, aṣòfin Peterborough, tí orúkọ bàbá ẹ̀ jẹ́ tiwa? 41 níbi 30 ni, ní 2017. Owó táṣẹ́rẹ́ ni ì bá san. Irọ́ nípa ẹni tó wakọ̀ ló sọ ọ́ di ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta ní 2019, ó pàdánù ipò ẹ̀. Àbúrò ẹ̀ ọkùnrin gba oṣù mẹ́wàá nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ṣáájú ìyẹn, ní 2013, mínísítà tẹ́lẹ̀ kan àti ìyàwó ẹ̀ àtijọ́ gba oṣù mẹ́jọ mẹ́jọ, torí ìyàwó gba póìǹtì ọkọ. Níbi iṣẹ́, ìwé wà tó sọ pé Ìyá Móyọ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru yẹn, àbí kò sí? Wọ́n á ti sáìnì wọlé, wọ́n á sáìnì jáde.

Ìyá Móyọ̀:
Ọmọ ìyá mi ni. Màmá wa ló fà á lé mi lọ́wọ́ kó tó kú. Orúkọ èmi nìkan ló wà lórí ìnṣọ́ránsì, tí mo bá dárúkọ ẹ̀ wọ́n á ní kò ní láísẹ́ǹsì, kò ní ìnṣọ́ránsì, fáìnì òun á tún ju tèmi lọ. Torí £160 ni mo ṣe wá síbí, ẹ ti sọ ọ́ di nǹkan míì.

Alhaja Luton:
A ò sọ ọ́ di nǹkan kan, nǹkan tó jẹ́ nìyẹn. Ìyá Móyọ̀, mi ò bú yín mọ́, ẹ gbọ́ mi. Láàárọ̀ ọ̀la kẹ́ ẹ tó lọ síbi iṣẹ́, ẹ pe lọ́yà, kì í ṣe ti vísà o, èyí tó ń ṣe ẹjọ́ ọlọ́pàá. Ẹ má lọ kọ́ọ̀sì kankan, ẹ má pe ọlọ́pàá fúnra yín kẹ́ ẹ tó rí i. Ẹ má sì kọ nǹkan kan síbí mọ́.

Àǹtí Ṣadé Peckham:
Ṣùgbọ́n kó ṣì san ti bọ́ọ̀sì o, ọjọ́ ń lọ.

Ìyá Móyọ̀:
Wọn ò tíì fèsì lórí kọ́ọ̀sì yẹn. Àbúrò mi wà ní yàrá kejì, kò mọ̀ pé mo ti sáìnì í. Bọ̀dá Kúnlé, ẹ jọ̀ọ́ tẹ́ ẹ bá mọ lọ́yà kan, ẹ fi nọ́ńbà ẹ̀ sí inbox mi. Aago mẹ́fà àbọ̀ ni mo máa jáde.