Omi kọ́, epo kọ́: kí la ó máa pe ohun tó wà nínú páìpù bíréèkì?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ kú iṣẹ́ èdè wa.

Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí tí mi ò sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń gbé ní Kaduna kó àkójọ ọ̀rọ̀ mọ́tò wá fún wa, pé kí a yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ fún àwọn awakọ̀ Yorùbá tó wà lókè Ọya. Nínú àkójọ náà, bíréèkì di "ìjánu", ohun tó ń ṣàn nínú páìpù rẹ̀ di "omi ìjánu", ti rédíétọ̀ di "omi ìtútù", sáfíìsì di "àtúnṣe", táyà sì di "ẹsẹ̀ ọkọ̀". Àbúrò wa kan láti Ìlọrin ní ìjánu kò bá a mu, torí ẹnu ẹṣin la ń fi ìjánu sí, ọkọ̀ kò sì lẹ́nu. Màmá wa tó wà ní Jos ní kí a kúkú fi bíréèkì sílẹ̀ bó ṣe wà.

Èmi fara mọ́ ìjánu. "Omi ìjánu" ni mi ò fara mọ́ rárá, torí ọ̀rọ̀ yẹn ti fẹ́ pa ẹnì kan tí mo mọ̀, ọwọ́ èmi ni wọ́n sì ti kà á.

Kí n kọ́kọ́ dá àbúrò mi lóhùn lórí ìjánu. Odò la ti mú "ọkọ̀" fúnra rẹ̀ wá. Àwọn baba wa ti ń wa ọkọ̀ lórí omi kí mọ́tò tó dé. Nígbà tó dé, wọ́n ṣì ní dírẹ́bà ń wa ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí àjẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá lè gòkè odò wá sórí títì, ìjánu náà lè kúrò lẹ́nu ẹṣin. A ti mú un kúrò níbẹ̀ tipẹ́: ta ni kì í sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kó kó ara rẹ̀ níjàánu? Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Kano àti Zaria ti wo àwọn ẹlẹ́ṣin lásìkò ọdún. Ẹṣin á ti máa ki eré bọ̀ wá síwájú ọba, ẹni tó gùn ún á fa ìjánu lẹ́ẹ̀kan, ẹṣin á gbé orí sókè, á dúró gbagidi, eruku tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ á wá kọjá lára rẹ̀. Iṣẹ́ bíréèkì kò yàtọ̀ sí èyí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti lọ́jú pọ̀ ni ọ̀rọ̀-ìṣe tó máa bá a rìn. Ìjánu ẹṣin, fífà ni. Bíréèkì abẹ́ ẹsẹ̀, títẹ̀ ni. Mo rò pé "tẹ ìjánu" kò ní dí ẹnikẹ́ni létí, "fa ìjánu ọwọ́" sì bá èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíà mu wẹ́kú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá sọ táyà di ẹsẹ̀ ọkọ̀, tí ìwé wá sọ pé "ìjánu ẹsẹ̀", ẹsẹ̀ ta ni? Ti dírẹ́bà àbí ti ọkọ̀? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí táyà máa jẹ́ táyà. Hausa náà ń pè é bẹ́ẹ̀, awakọ̀ wa tó bá sì dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ní Kugbo l'Ábújá kò ní ṣe ògbufọ̀ kí wọ́n tó gbọ́ ohun tó ń sọ.

Ó wá ku "omi ìjánu". Nígbà kan, mo kọ ìwé pelebe kan fún àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Lugbe. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ẹ máa yẹ omi ìjánu wò, bó bá ti lọ sílẹ̀, ẹ bù sí i." Bàbá kan láàárín wọn, ẹni tó ti ń wa takisí tipẹ́, ka ìwé náà dáadáa. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó rí ike funfun kékeré tí ohun inú rẹ̀ pọ́n bí tíì tí kò ní mílíìkì, ó rí i pé ó ti lọ sísàlẹ̀ àmì. Ó fi eyín ya píọ̀wọ́tà létí, ó sì fún un sínú rẹ̀ títí ó fi kún.

Fún ọjọ́ díẹ̀, kò sí nǹkan kan. Lọ́jọ́ kan ó gbé èrò mẹ́rin láti Mpape. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Abuja mọ bí òkè yẹn ṣe dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sísàlẹ̀ lápá Maitama. Ó ń tẹ bíréèkì bọ̀ láti òkè. Ó dé àárín, ó tún tẹ̀ ẹ́, ó rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ bí tìmùtìmù, ó wọlẹ̀ títí dé irin. Ọpẹ́ ni pé àgbà awakọ̀ ni bàbá yẹn. Ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń tú u sílẹ̀, léraléra, ó fa jíà wá sí méjì, ó fà á wá sí ọ̀kan, ó wá ń fa ìjánu ọwọ́ díẹ̀díẹ̀, kò fà á lẹ́ẹ̀kan náà, torí ọkọ̀ ì bá yí. Orí òkìtì yanrìn àwọn tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù ló ti dúró. Kò sẹ́ni tó ṣèṣe.

Nígbà tó tún tẹ bíréèkì náà lẹ́yìn nǹkan bí ìdajì wákàtí, ó mú. Àwọn èrò ní ọwọ́ ayé ló wà níbẹ̀. Mẹkáníìkì tó tú u ní Kugbo lójú mi kò wo ti ayé. Ó fi ìka kan inú ike náà, ó fi ra àtàǹpàkò, ó bi bàbá pé kí ló bù sí i. Bàbá ní: "Omi ni. Omi náà ni ìwé pè é." Mo wà níbẹ̀, ìwé mi ló ń sọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Bí a bá tẹ bíréèkì, ohun olómi tó wà nínú páìpù ló ń gbé agbára ẹsẹ̀ wa lọ síbi táyà, torí pé ohun olómi kì í fún pọ̀. Bó bá ti hó di gáàsì ńkọ́? Ó máa ń fún pọ̀. Omi lásán ń hó bó bá dé 100 lórí ìwọ̀n Celsius, páàdì tó ń ra irin láti òkè Mpape dé ìsàlẹ̀ sì lè gbóná kọjá bẹ́ẹ̀ dáadáa. Omi bàbá hó, ó di gáàsì nínú páìpù, ẹsẹ̀ rẹ̀ wá ń tẹ afẹ́fẹ́. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ tutù, gáàsì náà padà di omi, bíréèkì padà mú. Ojúlówó ohun inú páìpù bíréèkì, oríṣi èyí tí wọ́n kọ DOT 3 sí lára ike rẹ̀, kò gbọdọ̀ hó kó tó dé 205. Ti DOT 4 jẹ́ 230. Ohun náà fúnra rẹ̀ tún máa ń fa omi mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́, débi pé DOT 3 tó ti mu omi díẹ̀ lè máa hó ní 140. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ní kí a máa pààrọ̀ rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún méjì méjì, kí a má sì ṣí ìdérí rẹ̀ sílẹ̀ lásìkò òjò. Ohun tí omi jẹ́ ọ̀tá rẹ̀ tó báyìí, a ò gbọdọ̀ fi omi sọ ọ́ lórúkọ.

Ẹ lè ní kí a pè é ní epo ìjánu. Àwọn mẹkáníìkì wa náà ń pè é ní ọ́ìlì bíréèkì. Mo ti rí ẹni tó torí orúkọ yẹn da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí i. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì máa ń wú rọ́bà inú bíréèkì, rọ́bà tó bá ti wú á jẹ́ kí bíréèkì há tàbí kó máa jò.

Ohun tí mo mú wá ni "oje ìjánu". Oje kì í ṣe omi, kì í ṣe epo. Inú ara igi ló máa ń wà, igi kọ̀ọ̀kan ló sì ní tirẹ̀, a kì í fi ti ọ̀kan rọ́pò ti èkejì. Ẹni tí oje kajú bá ta sí láṣọ mọ̀ pé kì í lọ. Oje ìjánu náà bẹ́ẹ̀: bó bá kán sí ara ọkọ̀, ọ̀dà ibẹ̀ á bó. Kí ẹni tó ń tẹ̀wé ṣọ́ra fún àmì ohùn o, kí ẹnikẹ́ni má kà á sí òjé.

Èyí tó kù kò pọ̀. "Omi ìtútù" á jẹ́ kí ènìyàn da omi tútù sínú ẹ́ńjìnnì tó ń hó, èyí sì lè sán irin rẹ̀. Ẹlòmíràn á ṣí rédíétọ̀ gbígbóná, á sì bó lójú. Mo dábàá "amóorurọlẹ̀", bí ẹnikẹ́ni bá ní èyí tó dùn jù bẹ́ẹ̀, kó mú un wá. Sáfíìsì kì í ṣe àtúnṣe, torí ohun tó ti bàjẹ́ là ń tún ṣe. Ìtọ́jú ni.

Ní ti táyà, ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí, a ò sì lè di ẹ̀bi rẹ̀ ru ẹlòmíràn torí Yorùbá ló dá a: tòkunbọ̀. Gbogbo Nàìjíríà ló ń lò ó. Ó sọ ibi tí táyà ti wá, kò sọ iye ọdún tó ti lò. Kí ìwé yìí pè é ní táyà àlòkù, kó sì kọ́ wọn láti ka nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lára rẹ̀ lẹ́yìn lẹ́tà DOT (èyí kì í ṣe DOT ti oje ìjánu): 2319 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Ẹ fi kún un pé kí wọ́n má dín afẹ́fẹ́ rẹ̀ kù nítorí oòrùn Sokoto tàbí Maiduguri. Táyà tó rọ̀ ló máa ń gbóná jù, òun ló sì máa ń bẹ́. Àárọ̀ kí ọkọ̀ tó rìn ni kí fọgánáísà wọ̀n ọ́n.

Ní àná, mo yà ní Kugbo lọ dán orúkọ yìí wò. Mo sọ fún ọmọ iṣẹ́ kan pé oje ìjánu ọkọ̀ mi ti lọ sílẹ̀, kó bá mi bù sí i. Kéègì omi wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kò wò ó. Ó ní: "Oje wo nìyẹn, bùrọ̀dá? Ẹ jẹ́ kí n bi ọ̀gá mi."